Bí Olódi Ṣe Fi Ihò Sí Odi

Kò sí ẹni tó fi Olódi joyè. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí. Ó wo ojú ara rẹ̀ títí, ó rí i pé ojú náà ti ju ti akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì lọ, ó sì pe ara rẹ̀ ní Olódi. Dígí kò jiyàn. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá pè é ní "Bàbá," kò ní dáhùn. Bí wọ́n bá pè é ní "Ọ̀gá," á yí ọrùn díẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá pe Olódi kó tó jẹ́ "hẹn."

Olódi ni ẹni tó ni odi. Odi sì ni ògiri ńlá tí àwọn ará àtijọ́ máa ń mọ yí ìlú ká kí ogun má baà wọlé. Ìlú náà ti ní odi rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti pa á, ewúrẹ́ ti gùn ún, àwọn ará ìlú sì ti bu èyí tó kù lọ fi mọ ilé ìdáná. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju òkìtì kan lọ lẹ́bàá ọ̀nà, tí alágbàfọ̀ ń sá aṣọ lé. Olódi kò ní odi kankan. Oyè ló ti ní, ó wá ń retí odi.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló mọ̀ ọ́n jù. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Olódi gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú, ẹ̀gbọ́n ṣáà ni. Aránṣọ gba yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé bọ́ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Inú yàrá yẹn ló ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bàbá wọn ló fún un níṣojú gbogbo ẹbí. Olódi wà níjókòó lọ́jọ́ náà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti ń bínú sí orí tó mì láti ìgbà náà.

Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀ nípa Olódi ni pé kì í bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn òun ti ga ju etí wọn lọ. Pátákó dúdú kan ló gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ àṣẹ sí i, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, láìsí àmì kankan lókè, láìsí àmì kankan nísàlẹ̀.

"Àmì orí ọ̀rọ̀, nǹkan ọmọ ilé ìwé ni," ló máa ń wí. "Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

Ó kọ WA OKO MI, nítorí pé kò rí ọkọ́ tó fẹ́ kí wọ́n fi ro ẹ̀yìn ilé. Awakọ̀ rẹ̀ kà á, ó bọ́ sínú ọkọ̀ Olódi, ó sì ń wa ọkọ̀ náà káàkiri ìlú títí epo fi tán. Ó kọ MA SISE fún bíríkìlà tó ń tún ògiri rẹ̀ ṣe, ìyẹn ni pé kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bíríkìlà kà á pé kó má ṣiṣẹ́. Ó tẹ́ àpò símẹ́ńtì sábẹ́ igi, ó sì sùn bí ọba. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, Olódi kò rí àléébù kankan lára pátákó. Ó ní àwọn èèyàn ni kò mọ̀wé.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì tó ń rí sí ohun àtijọ́ kéde pé àwọn ń bọ̀ wá wo ohun tó kù lára odi ìlú. Ẹni tí wọ́n bá bá odi tó dúró ṣinṣin nílẹ̀ rẹ̀, òun ni wọn yóò fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Yóò máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó bá wá wòran, gbogbo ibi tí odi náà bá sì gbà kọjá yóò bọ́ sábẹ́ àkóso rẹ̀.

Olódi gbọ́ ìkéde náà lórí rédíò nígbà tó ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí àwọn ti fẹ́ra, ó gbàgbé ẹran sínú abọ́. Ọjọ́ kejì ló fi páànù yí ẹ̀yìnkùlé ká. Ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ti rí odi àwọn baba ńlá òun níbẹ̀, òun sì ti fẹ́ hú u jáde.

Aránṣọ ń gbọ́ ìró iṣẹ́ náà láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí Olódi ń kọjá lọ, ó yọjú sí i lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, odi tí ẹ ń hú yẹn, ó dà bíi pé mò ń gbọ́ tí wọ́n ń po símẹ́ńtì."

"Odi ló ń mí."

"Odi ń mí?"

"Ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Tí wọ́n bá hú ìwọ náà jáde, ṣé o ò ní mí ni?"

"Típà iyanrìn tó wọlé láàárọ̀ yìí náà ńkọ́?"

"Oúnjẹ rẹ̀ ni," ni Olódi wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Olódi wọ yàrá ìránṣọ láìkan ilẹ̀kùn. Ó dúró sáàárín àwọn aṣọ oníbàárà tó wà lórí ìkọ́, ó gbá aṣọ ńlá funfun tirẹ̀ mọ́ra kí òwú má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

"Àbúrò, ọ̀rọ̀ ńlá délẹ̀."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò ní jókòó. Orí odi ni àga yẹn wà."

"Odi wo?"

"Odi àwọn baba ńlá wa. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ó ti ẹ̀yìnkùlé mi wá, ó gba abẹ́ ẹ̀rọ rẹ, ó gba abẹ́ tábìlì tí o fi ń gé aṣọ, ó wá bá ojú fèrèsé jáde. O máa ní láti kó kúrò kí àwọn àlejò tó dé."

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá ló fún mi ní yàrá yìí. Ẹ wà níbẹ̀."

"Yàrá ni bàbá fún ọ. Kò fún ọ ní odi. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ni odi ló ni ìlú, ẹni tó ni ìlú ló ni yàrá ìránṣọ."

"Àwọn àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi."

Inú bí aránṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á ju bí inú ṣe bí i lọ. Kò ní ibòmíràn tó lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé símẹ́ńtì tuntun ni ohun tó wà lẹ́yìn páànù yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde níwájú àlejò, kó la ojú kó pe àgbàlagbà ní òpùrọ́? Kì í ṣe àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣá.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Tí àwọn àlejò bá wò ó, tí wọ́n ní odi àtijọ́ ni lóòótọ́, màá kó jáde lọ́jọ́ náà, mi ò ní bá yín fa ọ̀rọ̀. Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Olódi rẹ́rìn-ín. "Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìwọ gba ẹ̀yìnkùlé mọ́ yàrá rẹ."

"Ṣé ẹ lè sọ ọ́ níta?"

Ẹni tó bá ní kí Olódi wá sọ̀rọ̀ níta, àfi bíi pé ó ní kí ẹja wá lúwẹ̀ẹ́. Ó jáde sójú ọ̀nà, ó pe káfíńtà, ó pe alágbàfọ̀, ó pe ìyàwó ara rẹ̀, ó sì ka ẹ̀jẹ́ náà fún wọn láti orí dé ìdí. Nígbà tí alágbàfọ̀ ní òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa, Olódi tún un kà, ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà.

Láti ọjọ́ náà ló ti di olùkọ́. Ẹni tó bá ti bá pàdé lójú ọ̀nà, á dá a dúró.

"Odi gidi ní ihò ọfà," á wí. "Inú fẹ̀, ìta há. Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú á máa rí ọ̀tá, ọ̀tá tó wà níta ò ní rí ẹ̀ṣọ́. Odi gidi ní àtẹ̀gùn, inú ìlú ló sì máa ń wà, kí ẹ̀ṣọ́ lè rí i gùn. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, ẹ so ó mẹ́ran."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún káfíńtà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún alágbàfọ̀ títí alágbàfọ̀ fi ń kọ ọ́ lórin nídìí aṣọ fífọ̀: inú fẹ̀, ìta há. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àjèjì kan tó kàn ń béèrè ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ni bíríkìlà tó ń kọ́ odi náà. Òṣìṣẹ́ ni bíríkìlà. Pátákó ló fi rán sí i: FI IHO ATI ATEGUN SI ODI.

Bíríkìlà ya ṣòkòtò nídìí iṣẹ́, ó gbé e wá fún aránṣọ kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó jókòó dè é, ó fi àṣẹ́kù aṣọ bo ìdí.

"Ìyá aránṣọ, ẹ bá mi ka nǹkan. Mi ò kọ́ nǹkan kan o. Àmọ́ ká ní mò ń kọ́ nǹkan, kí ni wọ́n ń pè ní ategun?"

"Ó lè jẹ́ àtẹ̀gùn téèyàn ń gùn. Ó sì lè jẹ́ atẹ́gùn tó ń fẹ́."

"Mo ti rò ó. Atẹ́gùn á bá ihò wọlé fúnra rẹ̀, kò wá bíríkìlà. Àtẹ̀gùn ni. Odi wá ńkọ́?"

"Kí lẹ̀yin rí níbẹ̀?"

"Òdì," ni bíríkìlà wí. "Fi ihò àti àtẹ̀gùn sí òdì. Bí ìgbà téèyàn wọ aṣọ lódì, tí inú rẹ̀ bọ́ síta. Torí tó bá jẹ́ odi ni, kí ló ń sọ fún mi? Níbo ni mo tún fẹ́ fi ihò sí, bí kò ṣe ara odi? Ṣé orí igi ni?"

Aránṣọ tẹ orí ba lórí ṣòkòtò kí ojú rẹ̀ má baà hàn. "Ẹ ò wá bi í?"

"Mo bi í. Ó nawọ́ sí pátákó."

"Tó bá ti nawọ́ sí pátákó, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu." Ó fi eyín já òwú, ó sì na ṣòkòtò sí i.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń bẹ̀rù pé Olódi á lọ wo iṣẹ́, á sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bàtà funfun ni Olódi ń wọ̀, ẹ̀yìnkùlé sì kún fún ẹrẹ̀. Bákan náà, àpò tútù àti koríko ni wọ́n fi bo odi náà láti òkè délẹ̀, kó lè tètè gbó. Olódi ń wò ó láti ojú fèrèsé òkè, ó ń rí àpò, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò pé, àga kún ẹ̀yìnkùlé. Aránṣọ ti di ìdajì ẹrù rẹ̀, torí ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́ ń jẹ́. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó gbé àpótí òwú lé itan. Ọ̀gá àwọn ará ọ́fíìsì náà jẹ́ obìnrin kan tó wọ awò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olódi ti mú un láàárọ̀, ó ti ṣàlàyé inú fẹ̀, ìta há fún òun náà.

Olódi sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti wà. Nígbà tó dé orí baba ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kan ti sùn. Nígbà tó dé orí ara rẹ̀, wọ́n jí, torí pé ó pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fa àpò bọ́ sílẹ̀, odi sì yọ síta, ó ga, ó nípọn, ó dúdú dáadáa. Ewúrẹ́ kan dúró lórí rẹ̀ tó ń jẹ koríko.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wo ewúrẹ́.

"Báwo ló ṣe dókè?" ni káfíńtà béèrè.

"Ewúrẹ́ àtijọ́ ni," ni Olódi wí. "Nísinsìnyí, màá gun àtẹ̀gùn àwọn baba ńlá mi, màá sì fi bí wọ́n ṣe ń tafà hàn yín."

Ó yà sápá ọ̀tún, kò sí àtẹ̀gùn. Ó yà sápá òsì, kò sí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ pa ara odi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Àwọn ihò ọfà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n há bí ojú abẹ́rẹ́. Níkẹyìn, ó gba àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi bọ́ sínú igbó lẹ́yìn. Wọ́n ń gbọ́ tí igi ń dá. Wọ́n gbọ́ tó ní "Háà." Ó pẹ́ díẹ̀ kí orí rẹ̀ tó yọ lókè odi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́.

Obìnrin ọ́fíìsì gbójú sókè. "Ẹ kú gígùn o, sà. Ìbéèrè kékeré kan. Láyé ìgbà náà, ibo ni ọ̀tá ń gbà bọ̀?"

"Inú igbó! Ẹ̀yìn mi níbí!"

"Ibo wá ni àtẹ̀gùn wà?"

Olódi wẹ̀yìn. "Inú igbó."

"Tí ọ̀tá bá wá dé ńkọ́?"

"Kò gbọdọ̀ gùn ún," ni Olódi wí. "Àwọn èèyàn ní ìwà láyé ìgbà yẹn."

Obìnrin náà mi orí. "Ihò ọfà náà wá ńkọ́, sà? Ẹ sọ fún mi láàárọ̀ pé..."

"Inú fẹ̀, ìta há!" ni alágbàfọ̀ gbé e. Kò mọ̀ọ́mọ̀, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni. Gbogbo èrò sì gbè é bí ọmọ ilé ìwé.

"Mo wo àwọn yìí," ni obìnrin náà ń bá a lọ, "inú ló há. Ẹ̀ṣọ́ tó bá wà níhìn-ín ò lè rí nǹkan kan."

Òógùn bo Olódi. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, odi tirẹ̀ sì ti lanu síbi tí kò yẹ. Ó ronú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni ewu máa ń wà.

"Nítorí pé ibí gan-an ni inú!" ló kígbe, ó nawọ́ sí igbó. "Inú igbó ni àwọn baba ńlá mi wà! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílẹ̀ yẹn ni ọ̀tá!"

Àwọn ará àdúgbò wo ara wọn. Wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa wá, wọ́n tiẹ̀ ti bá a to àga.

"Àwa?" ni káfíńtà wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà," ni obìnrin ọ́fíìsì wí. "Tó bá jẹ́ inú igbó ni àwọn baba ńlá yín wà, a jẹ́ pé igbó ni ilẹ̀ yín. Ta ló wá ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí?"

Ìyàwó Olódi rọra gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì rójú. Ẹni tó bá ti lè gba ewúrẹ́ àtijọ́ lè gba nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà kò lè mú un mọ́ra mọ́, torí ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni wọ́n ń bú. Ó sáré lọ yọ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè.

"Ẹ dúró ná o! Ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́. Òdì ni wọ́n ní kí n fi í sí, òdì ni mo fi í sí! Ẹ wò ó!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ká ní Olódi dákẹ́ níbi tó wà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣi ìwé rẹ̀ kà níṣojú àlejò, ìyẹn sì ká a lára ju odi lọ.

"Odi!" ló bú ramúramù. "Odi ni mo kọ síbẹ̀, aláìmọ̀wé! Èmi tí mo gbé iṣẹ́ fún ọ, èmi tí mo ra símẹ́ńtì, mo ní kí o kọ́ odi fún mi, o wá kọ́ òdì!"

Gbogbo ẹ̀yìnkùlé gbójú sókè wò ó. Ewúrẹ́ pàápàá gbé orí sókè.

Obìnrin ọ́fíìsì bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ìgbà wo lẹ ní kó kọ́ ọ, sà?"

Olódi la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ó pa á dé, ó tún un là, kò sí. Èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò: ẹni tí kò lè fọhùn, odi náà la tún ń pè é. Ẹni tó ti ń wá odi tipẹ́tipẹ́, òun ló ya odi lórí odi tó kọ́ lódì.

Kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà sọ̀ kalẹ̀ àfi àtẹ̀gùn ọ̀tá. Ó sọ̀ ọ́ sínú igbó, ewúrẹ́ ṣíwájú. Ó wá rìn yí ká gba ojú ọ̀nà, aṣọ ńlá funfun rẹ̀ kún fún èèmọ́, bàtà rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, gbogbo èrò sì ti sáré lọ dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Àwọn tó pè ní ọ̀tá kò ṣe é níbi. Wọ́n kí i. "Ẹ kú ogun o, sà!" "Ẹ kú ìrìn igbó!" Alágbàfọ̀ ní kó bọ́ aṣọ sílẹ̀, òun á bá a fọ inú, òun á bá a fọ òdì. Ọjọ́ náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ níparí oyè rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Olódì, oyè náà ò sì yí padà mọ́.

Aránṣọ kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ń tú ẹrù tó ti dì, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, torí pé ọkàn rẹ̀ ti fò lọ pátápátá, ìgbà yẹn ló tó padà. Káfíńtà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó fa páànù ẹ̀yìnkùlé tu, ó sì lu ilẹ̀kùn sí ìhà ibẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ́ tí èèyàn bá kà lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣòro láti rántí.

Ní ọjọ́ kejì, pátákó dúdú ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Ohùn Olódi kò tíì padà, tàbí kó wà níbẹ̀ kó má fẹ́ jáde. MA BINU ló kọ, gàdàgbà-gadagba, láìsí àmì kankan.

Bíríkìlà, tó wá wọn ṣòkòtò tuntun, dúró wò ó. "Ìyá aránṣọ, kí ló kọ?"

Aránṣọ mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sórí aṣọ. Ó nà án sórí pátákó, ó wo àyè tí àmì kékeré kan yẹ kó wà. Ó rántí tábìlì tó fi ń gé aṣọ àti ẹrù tó dì. Ó dá ṣọ́ọ̀kì padà sápò.

"Ó ní kí n máa bínú," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń bínú lọ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.